Kèfèrí àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Kan ní Èdè Púpọ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rí tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà kèfèrí. A ń gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, a ń kà á nínú Bíbélì, àwọn òbí sì ń fi bá ọmọ tí kò fẹ́ gbàdúrà wí. Ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé tí wọ́n sì ń sin Ọlọ́run ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jọ ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ náà ti mú kí àwọn kan pàdánù iṣẹ́ wọn, ó sì ti sọ ẹnì kan di ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ni kaffir, tí àwọn tí ń sọ èdè Afrikaans ń kọ ní kaffer. Kèfèrí àti kaffir kò ṣèèṣì jọra; ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti orísun rẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá ní apá kan, àti dé Johannesburg ní apá kejì. Láti fi ohun tí ó sọ ọmọ ìyá méjì di àjèjì sí ara wọn hàn. Àti láti dá àbá nípa bí ó ṣe yẹ kí àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè àti àwọn olùtumọ̀ lò ó. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ẹni tí ó bá pe ọ̀rọ̀ yìí sókè níbi tí kò yẹ lè dá ìjà sílẹ̀, olùtumọ̀ tí ó bá sì ṣì í tú ní ilé-ẹjọ́ lè sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

1. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà

Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní èdè náà, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni ó sábà máa ń jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Fáwẹ̀lì tí a bá fi sí àárín wọn ni ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́. Gbòǹgbò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni k-f-r, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń bo nǹkan ni kāfir. Àgbẹ̀ tí ó gbin irúgbìn tí ó sì fi erùpẹ̀ bò ó lè jẹ́ orúkọ yìí láìsí èébú kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní Súrà 57, ẹsẹ 20, nínú Kùránì.

Láti inú bíbo nǹkan ni èrò àìmoore ti jáde, èyíinì ni ìwà ẹni tí a ṣe lóore, tí ó sì bo oore náà mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ ẹni tí ó bo òtítọ́ Ọlọ́run mọ́lẹ̀, tí í ṣe aláìgbàgbọ́. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a fi sọ Súrà 109 lórúkọ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ jáde kúrò nílé, ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ ni ó ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ ara tàbí ìlú tí a ti bíni. Ẹni tí ó jẹ́ kāfir ní òwúrọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ orúkọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ó bá gba ẹ̀sìn. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ tí a óò rí níwájú ti bẹ̀rẹ̀.

2. Bí ó ṣe wọ èdè Yorùbá

Ọ̀nà aṣálẹ̀ ni ó gbà dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àwọn Haúsá ń pè é ní kafiri. Yorùbá ń pè é ní kèfèrí. Ẹni tí ó bá mọ ìlànà èdè wa yóò rí i pé àlejò ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé sábà máa ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé, ọmọ, ẹran àti àṣá. Eléyìí fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀. Èdè wa kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fi i ti ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí búrẹ́dì àti ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn. Fáwẹ̀lì àárín rẹ̀ yí padà, a sì fún un ní ohùn tirẹ̀: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Nínú ìwé àtijọ́, Keferi ni a máa ń rí láìsí àmì ohùn kankan. Kèfèrí ni ó tọ̀nà láti kọ.

Kò dá nìkan wá. Àdúrà, wàásù, àlùfáà àti àlàáfíà wà lára àwọn tí ó bá a rìn. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wọ inú èdè wa kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé, àwọn Kristẹni sì ń lò wọ́n lónìí bí ẹni pé inú Bíbélì ni a bí wọn sí.

Nǹkan kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1615, Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé ńlá ará Timbuktu, kọ ìwé kan láti dáhùn ìbéèrè nípa àwọn tí òfin Ìsìláàmù gbà kí a kó lẹ́rú. Èsì rẹ̀ ni pé àìgbàgbọ́ nìkan ni ó lè mú kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá òfin mu, àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí. Ó wá ka orúkọ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́ aláìgbàgbọ́ nígbà náà, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ìwé yìí wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ rí orúkọ Yorùbá ní kíkọ sílẹ̀. Abẹ́ orúkọ kèfèrí ni orúkọ tiwa ti wọ inú ìwé. A ti pe Yorùbá ní kèfèrí tipẹ́tipẹ́ kí Yorùbá tó fi pe ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Ọmọ yìí ni ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí iṣẹ́ náà sì parí ní 1884. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ethnē, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè, tí àwọn Júù sì ń lò fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe Júù, kèfèrí ni wọ́n fi tú u ní ọ̀pọ̀ ibi. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí lè fi pe Kristẹni pàápàá ṣe di ọ̀rọ̀ tí Kristẹni ń lò lórí pẹpẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì tún yí: nínú àwọn Ìwé Pọ́ọ̀lù ní Yorùbá, ènìyàn lè jẹ́ kèfèrí kí ó sì jẹ́ onígbàgbọ́ nínú Kristi, nítorí pé ẹni tí kì í ṣe Júù ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí níbẹ̀.

Lẹ́nu wa lónìí, kèfèrí lè jẹ́ ẹni tí ń bọ òrìṣà, tàbí ẹni tí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run, láìka ẹ̀sìn tí ó sọ pé òun ń ṣe sí. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kì í fi pe ara wọn. Oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n ń jẹ́. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kéde ọjọ́ ìsinmi fún ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé nílé wa ọ̀rọ̀ yìí kò ní ẹ̀gún. Ó ní in; ẹni tí ẹ̀gún náà ń gún ni ó mọ̀.

3. Ọ̀nà kejì: láti Sofala dé Cape

Ní etíkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà, àwọn Mùsùlùmí tí ń gbé Kilwa, Sofala àti àwọn ìlú etíkun mìíràn ń pe àwọn ará àárín ilẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní kafiri. Títí di ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ní 1498, Vasco da Gama gba etíkun náà kọjá lọ sí Íńdíà. Ní 1505, àwọn Potogí kọ́ odi sí Sofala. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di cafre. Kí a kíyè sí i pé Kristẹni ni àwọn Potogí, àti pé lójú àwọn tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà, àwọn pàápàá jẹ́ kāfir. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohun tí ó kù létí wọn ni pé ènìyàn dúdú ni a ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Ibí yìí ni ìtumọ̀ ti ṣí kúrò lórí ìgbàgbọ́, tí ó sì bọ́ sórí awọ ara. Ènìyàn lè yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Kò lè bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ará Hóláǹdì tí ó tẹ̀dó sí Cape ní 1652 kọ ọ́ ní kaffer. Wọ́n kọ f méjì nítorí pé, nínú ìlànà àkọtọ́ tiwọn, kọ́ńsónáǹtì méjì ni ó ń fi hàn pé fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ kúrú. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò dúró sójú kan: Caffre, Kafir àti Kaffir ni a ń rí nínú ìwé wọn. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn Xhosa ni wọ́n ń fi pè. Ogun mẹ́sàn-án tí a jà ní ààlà ilẹ̀ Xhosa láàárín 1779 àti 1879 ń jẹ́ orúkọ yìí nínú ìwé ìtàn àtijọ́. Apá kan ilẹ̀ Xhosa tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1847 ni wọ́n sọ ní British Kaffraria, títí wọ́n fi dà á pọ̀ mọ́ Cape ní 1866.

Àwọn onímọ̀ èdè náà kò yọ sílẹ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè Xhosa tí Albert Kropf ṣe, tí a tẹ̀ ní Lovedale ní 1899, kò pe èdè náà ní Xhosa nínú àkọlé rẹ̀. Orúkọ tí a ń sọ yìí ni ó fi pè é. Iṣẹ́ ńlá ni ìwé náà, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ kan lè wà nínú ìwé ọ̀mọ̀wé láìsí èébú lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́, nígbà tí àwọn tí ó ń dárúkọ kò tilẹ̀ fi pe ara wọn rí.

4. Johannesburg, ìlú wúrà

Ní 1886 ni a rí wúrà ní Witwatersrand, Johannesburg sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú wá láti gbogbo ẹkùn láti ṣiṣẹ́ nínú kòtò. Xhosa, Zulu, Sotho, Tswana, Tsonga: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ àti èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀gá fi ń pe gbogbo wọn. Èdè àdàlù tí a fi ń pàṣẹ fún wọn, tí a mọ̀ sí Fanagalo lónìí, ni àwọn òyìnbó ń pè ní Kitchen Kaffir. Ní ọjà ìpín ìdókòwò ní London, Kaffirs ni àwọn oníṣòwò ń pe ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ wúrà wọ̀nyí, ní 1895 sì ni àwọn ènìyàn ń dù ú rà kíkankíkan. Ọ̀rọ̀ kan náà ń jẹ́ owó ní London, ó sì ń jẹ́ ẹni tí ń gbẹ́ owó náà láti inú ilẹ̀ ní Johannesburg.

Ìjọba àpátáìdì kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òfin rẹ̀. Ó yan Bantu dípò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1953. Abantu ní èdè Zulu àti Xhosa kò ju “àwọn ènìyàn” lọ, Wilhelm Bleek sì ti lò ó ní 1862 gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún ìdílé èdè kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di orúkọ tí a ń kọ sórí ìwé ìrìnnà àti sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn ènìyàn náà kọ̀ ọ́. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rere kò lè dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí a ti fi ṣe ibi.

Ní òpópónà, nínú oko àti nínú ilé ìdáná, kaffir ni ó ń jáde lẹ́nu ọ̀gá, ìbáà ṣe ọmọdé ni ó ń bá wí, ìbáà ṣe àgbàlagbà tí ó lè bí i lọ́mọ. Nígbà tí Mark Mathabane, tí a tọ́ dàgbà ní Alexandra ní Johannesburg, tẹ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ jáde ní 1986, Kaffir Boy ni ó sọ ìwé náà, kí ayé lè mọ orúkọ tí a fi ń pe ọmọ bíi tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí àpátáìdì dópin ní 1994, òfin dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2000 ni a ṣe òfin kan tí ó de ọ̀rọ̀ ìkórìíra àti ìyàsọ́tọ̀ aláìtọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ tí ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀, tí ó wà ní Braamfontein ní Johannesburg lórí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́, ṣe ìdájọ́ lórí òṣìṣẹ́ kan tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí pe ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí a dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ kan ní Randburg rán obìnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà pe àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú ní ìgbà 48. Bí ènìyàn bá wá sọ pé “aláìgbàgbọ́” ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ilé rẹ̀ wá, òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò wo egbò kankan sàn. Ìlò ni ó ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀, ẹnu tí ó ń sọ ọ́ àti agbára tí ó wà lẹ́yìn ẹnu náà kò sì ṣeé yà kúrò lára ìlò.

Ní ìlú yìí kan náà, àwọn kan ń pe àlejò láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú, ní makwerekwere. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Alexandra ni ìkọlù sí àwọn àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fi orúkọ gún lára lè fi orúkọ gún ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ìyẹn náà kan àwa tí a ní kèfèrí lẹ́nu.

5. Àwọn ìbátan yòókù

Ní Réunion, erékùṣù kan lábẹ́ ìjọba Faransé nínú Òkun Íńdíà, Kaf ni àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú láti Áfíríkà ń jẹ́, wọ́n sì ń fi ayọ̀ jẹ́ ẹ. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ tí a dá àwọn ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1848, ni wọ́n ń pè ní Fèt Kaf. Ní Sri Lanka, Kaffir ni orúkọ ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn baba ńlá wọn ti Áfíríkà wá ní ìgbà àwọn Potogí; àwọn pẹ̀lú kò kà á sí èébú. Ní Afghanistan, ẹkùn kan wà tí a ń pè ní Kafiristan, ilẹ̀ àwọn kèfèrí. Nígbà tí ọba Abdur Rahman Khan ṣẹ́gun wọn ní 1895 sí 1896, tí ó sì mú wọn gba Ìsìláàmù, a yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Nuristan, ilẹ̀ ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ orúkọ Nurudeen yóò dá nur mọ̀ níbẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ ti ẹ̀sìn: bí ẹ̀sìn ti yí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yí.

Ó wọ inú orúkọ àwọn ewéko pẹ̀lú. Igi kan wà ní Gúúsù Áfíríkà, ìbátan ológun-ṣẹ́ṣẹ́ tiwa, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Erythrina caffra. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ní ìpàdé wọn ní Madrid, àwọn onímọ̀ ewéko láti gbogbo ayé dìbò pé kí a yí caffra àti àwọn tí ó jọ ọ́ sí affra, tí ó ń tọ́ka sí Áfíríkà. Orúkọ ewéko tí èyí kàn lé ní 200.

Ṣùgbọ́n ìjọra létí nìkan kò tó. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan, Kaffer, tí wọ́n fi ń pe òmùgọ̀. Èyí kì í ṣe ìbátan: inú èdè àwọn Júù ni ó ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó túmọ̀ sí abúlé. Onímọ̀ èdè gbọ́dọ̀ tọ ipasẹ̀ kí ó tó sọ pé ẹbí ni.

6. Àbá fún àwọn akọ̀wé àti àwọn olùtumọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nínú ọ̀ràn kèfèrí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lè yọ méjèèjì. Nítorí náà a dá àbá wọ̀nyí.

(a) Kí ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá má ṣe fi “aláìgbàgbọ́” nìkan dáhùn lábẹ́ kèfèrí. Kí ó kọ ọ́ báyìí: kèfèrí, ọ̀rọ̀-orúkọ, láti inú Lárúbáwá kāfir, fi wé Haúsá kafiri. 1. Nínú Bíbélì: ẹni tí kì í ṣe Júù. 2. Lẹ́nu Mùsùlùmí: ẹni tí kò gba Ìsìláàmù. 3. Lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, tàbí ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, àbùkù wà nínú ìlò yìí.

(b) Kí a má ṣe fi kèfèrí túmọ̀ kaffir nínú ìwé láti Gúúsù Áfíríkà. Bí olùtumọ̀ kan bá sọ ìwé Mathabane ní “Ọmọ Kèfèrí”, òǹkàwé Yorùbá yóò rò pé ọmọ tí kì í gbàdúrà ni a ń sọ. Gbogbo ìrora orúkọ náà yóò sì sọnù. Kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí a ti ń kọ ọ́ níbẹ̀, kí a sì ṣàlàyé pé orúkọ àbùkù tí àwọn òyìnbó fi ń pe ènìyàn dúdú ni.

(d) Bákan náà, kí ògbufọ̀ ní ilé-ẹjọ́ má ṣe fi kaffir túmọ̀ kèfèrí tí Yorùbá sọ. Kí ó túmọ̀ ohun tí ó jẹ́ lẹ́nu ẹni náà ní àkókò náà, ìbáà jẹ́ aláìgbàgbọ́, ìbáà jẹ́ abọ̀rìṣà.

(e) Kí àwọn tí ń ka Bíbélì Yorùbá ní Johannesburg fi sọ́kàn pé etí mìíràn ń gbọ́ wọn. Ẹni tí ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá kò mọ ohùn ìsàlẹ̀ méjì àti òkè kan. Ohun tí a fi lu bàbá rẹ̀ ni yóò gbọ́. “Àwọn orílẹ̀-èdè” tàbí “àwọn tí kì í ṣe Júù” wà ní èdè wa, ó sì sún mọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ju kèfèrí lọ.

(ẹ) Nílé, kí a máa pe oníṣẹ̀ṣe ní orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti nínú ìwé ìjọba. Orúkọ tí Ahmad Baba fi pe àwọn baba ńlá wa ní 1615 ni a ń fi pe wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó bi àwọn baba ńlá wa léèrè nígbà náà bí wọ́n bá fẹ́ jẹ́ ẹ.